Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé fíìmù ló ń kọ́ni ní ìpànìyàn?

Ẹ ti rí páálí fíìmù l'Ọ́jà Àlàbá rí: ẹ̀jẹ̀, igbá, owó rẹpẹtẹ. Ṣé ibẹ̀ ni ìpànìyàn ti bẹ̀rẹ̀?

1. Rárá. Ìbẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ ti wà nígboro kí fíìmù tó dé.

2. Ìtàn ọ̀daràn wà nínú ìwé náà: lọ́dún 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, jáde. Lápàdé, akọni ìtàn náà, ló ń tọpa ọ̀daràn níbẹ̀.

3. Nínú fíìmù Living in Bondage (1992), Andy fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣoògùn owó. Owó dé, àmọ́ òkú Merit ò jẹ́ kó sinmi.

4. Láyé gidi ńkọ́? Lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ikú ni ìdájọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn.

Apani kì í fẹ́ kí wọ́n mú idà kọjá nípàkọ́ òun. Fíìmù wo lẹ rántí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì pín in fọ́rẹ̀ẹ́.