Oòrùn àti Èéfín: Kí A Tó Kó Àwọn Ọmọ Jáde

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, èéfín iná igbó láti Kánádà bo ìlú Chicago. Eérú inú irú èéfín bẹ́ẹ̀ kéré débi pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí a máa wo AQI lórí fóònù kí a tó lọ sí páàkì. Bó bá ti kọjá 100, kí ọmọ tó ní ásímà, àwọn aláboyún àti àwọn àgbà má pẹ́ níta. Bó bá kọjá 150, kò dára fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìbòmú aṣọ kò lè sẹ́ eérú yìí, àfi N95.

Ní ti oòrùn, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló le jù. Àwọn kan ní oòrùn kì í jó awọ dúdú. Irọ́ ni, ó máa ń jó o. Híjáàbù àti jalabíà fífẹ̀ tí kò nípọn ń dáàbò bo ara, ṣùgbọ́n omi ló ṣe kókó: kí ọmọ máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ tètè pe 911, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, kí ẹ sì máa da omi tútù sí i lára títí wọn yóò fi dé.