Kí Ni Fèrè Ń Sọ? Olùgbọ́ Yorùbá àti Àwo Orin Àkọ́kọ́ ti Koola Lobitos

Ìtàn kan wà tí ó ti di àkọ́sórí láàárín àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Wọ́n ní nígbà tí ó ti London dé ní 1963, tí ó sì tún ẹgbẹ́ olórin Koola Lobitos kó jọ ní Èkó, orin rẹ̀ kò yé àwọn ènìyàn. Jáàsì pọ̀ jù nínú háíláìfù rẹ̀, àwọn oníjó kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ sí, owó kò sì wọlé, títí ó fi lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969 tí ojú rẹ̀ là. Ìtàn náà dùn ún sọ, ó sì rọrùn láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọn kì í sábà béèrè ni pé: ta ni ó gbọ́ orin yìí nígbà náà? Níbo ni èrò rẹ̀ wà? Ta sì ni ó bá a sọ ọ́ jáde?

Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì nítorí pé àwo orin tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí kì í ṣe àwo kékeré nínú ìtàn orin ilẹ̀ Yorùbá. Ní nǹkan bí 1965 ni ilé-iṣẹ́ Parlophone, tí ó wà lábẹ́ EMI, gbé e jáde. Orúkọ olórí ẹgbẹ́, tí ó ń jẹ́ Ransome-Kuti nígbà náà, àti orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. London ni ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Fẹlá wà ní Trinity College of Music. Nígbà tí ó padà dé, ó di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, ó ń ṣètò orin níbẹ̀, ó sì kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ kékeré kan jọ tí ó jẹ́ ti jáàsì nìkan. Nínú ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni Tony Allen ti bá a pàdé ní 1964 gẹ́gẹ́ bí onílù. Koola Lobitos tí ó gba ilé-iṣẹ́ àwo lọ lẹ́yìn náà jẹ́ ìgbìyànjú láti so ohun méjì pọ̀: ìlù àti orin háíláìfù tí àwọn ará Èkó ń jó sí, àti ìṣọwọ́to ìró àti àdáfọn ti jáàsì.

Nígbà tí a bá wo ibi tí ìròyìn nípa èrò àwọn olùgbọ́ ti wá, orísun mélòó kan ni ó wà, gbogbo wọn sì bá ara wọn tan. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀ fún Carlos Moore nínú ìwé tí ó jáde ní 1982. Ibẹ̀ ni ó ti sọ pé ìyá òun gba òun nímọ̀ràn láti fi jáàsì sílẹ̀, kí òun kọ orin tí yóò yé àwọn ènìyàn òun. Tony Allen sọ tirẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí òun àti Michael Veal kọ, tí ó jáde ní 2013. Benson Ìdóńìjè, oníṣẹ́ rédíò tí ó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ tirẹ̀ jáde ní 2016. Ẹni tí ó ń fọn fèrè, ẹni tí ó ń lùlù fún un, ẹni tí ó ń bá a wá òde eré: àwọn ni wọ́n ń ròyìn ohun tí àwùjọ rò. Láti 1965 sí 1982, ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Sí 2013, ọdún méjìdínláàádọ́ta. Èyí kò sọ ẹ̀rí wọn di irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti yí padà máa ń fẹ́ kí ìgbà àtijọ́ òun ṣókùnkùn díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó rí lẹ́yìn náà lè hàn. Ìtàn pé orin náà kò yé ènìyàn kankan bá ìtàn ìyípadà Fẹlá mu rẹ́gí, bóyá ó tilẹ̀ bá a mu jù.

Ọ̀nà mìíràn láti gbà wo ọ̀rọ̀ náà ni kí a kúrò ní Èkó fún ìgbà díẹ̀, kí a gba Abẹ́òkúta, ìlú ìbí Fẹlá, kọjá sí ilẹ̀ Ìbàràpá. Ìlú méje ni wọ́n máa ń kà níbẹ̀: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Òkìkí ìbejì ni ó gbé Igbó-Ọrà dé etí ayé, àwọn oníṣègùn sì ti ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ láti ìgbà tí Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀ ní 1963, ọdún kan náà tí Fẹlá ti òkè òkun dé. Ìyá ìbejì tí ó gbé ọmọ méjì, tí ó ń kọrin, tí ó ń jó ní ọjà, kì í dúró de ẹni tí yóò sọ fún un pé orin rẹ̀ dára. Ẹni tí orin náà bá wọ̀ lára yóò gbè é, yóò jó díẹ̀, yóò sì na ọwọ́ sí i pẹ̀lú owó tàbí oúnjẹ. Ẹni tí kò bá wọ̀ lára yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdájọ́ ti parí níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ gbólóhùn kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lóde ìnáwó. Onílù tí ó bá fi oríkì pe ènìyàn yóò rí i bí orí ẹni náà ṣe wú, yóò rí bí ó ṣe dìde, bí ó ṣe ki ọwọ́ bọ àpò. Bí ẹni náà bá jókòó síbẹ̀, onílù yóò yí ìlù padà, yóò tún un pè láti ọ̀nà mìíràn. Karin Barber ti fi yé àwọn onímọ̀, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àwùjọ olùgbọ́ ní Áfíríkà ní 1997, pé àwùjọ olùgbọ́ kì í ṣe ohun tí ó wà nílẹ̀ ní àṣetán kí òṣèré tó dé. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà ń péjọ àti ọ̀nà tí òṣèré gbà ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni ó ń sọ wọ́n di àwùjọ, àwọn náà a sì máa parí iṣẹ́ tí òṣèré bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èrò olùgbọ́ jẹ́ apá kan nínú eré fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá a nínú ìwé ìròyìn nìkan, bí ẹni ń wá ẹja lórí igi ni.

Nígbà náà ni ó yẹ kí a béèrè ohun tí olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ ń retí lọ́wọ́ ohun èlò orin. Akin Euba, tí òun náà lọ sí Trinity College of Music ṣáájú Fẹlá, fi ìwé odindi kan tí ó jáde ní 1990 ṣàlàyé dùndún. Ìyá ìlù ń tẹ̀lé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ inú èdè, nítorí náà ó ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń sọ. Àgbàlagbà pàápàá lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í. Síbẹ̀ ìrètí náà wà. Ẹni tí ó dàgbà sí Èrúwà tàbí Ìdèrè mọ̀ pé bí ohun èlò bá dún, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà létí rẹ̀ ni pé: kí ni ó ń sọ?

Àwọn oníjáàsì Amẹ́ríkà náà máa ń sọ pé ẹni tí ó bá mọ fèrè fọn dáadáa, ìtàn ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn kò ní gbólóhùn. Inú kọ́ọ̀dù ni ó wà: ẹni tí ó mọ orin náà tẹ́lẹ̀ ń gbọ́ bí afọnfèrè ṣe ń yà kúrò lójú ọ̀nà, tí ó tún ń padà. Ẹni tí kò bá mọ ojú ọ̀nà kò lè mọ̀ pé ènìyàn ti yà kúrò níbẹ̀.

Ó rọrùn láti dúró síbí, kí a sọ pé a ti rí ìdí tí Koola Lobitos kò fi gbajúmọ̀. Ìyẹn yóò jẹ́ ìkánjú. Olùgbọ́ Yorùbá ti gba fèrè òyìnbó tipẹ́tipẹ́ kí Fẹlá tó dé. Bobby Benson àti Victor Ọláìyá ti fi fèrè gba ìgboro, Fẹlá fúnra rẹ̀ sì ti bá ẹgbẹ́ Ọláìyá kọrin kí ó tó lọ sí London. Ìyàtọ̀ wà nínú ọ̀nà tí fèrè gbà ń wọlé. Nínú háíláìfù tí ó gbajúmọ̀, orin tí ẹnu kọ ni fèrè sábà máa ń tún fọn. Nígbà tí etí bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, tí fèrè wá gba ohùn kan náà, olùgbọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú fèrè, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ nínú dùndún. Nínú àwọn orin Koola Lobitos, fèrè sábà máa ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó ń dá sí ọ̀rọ̀ akọrin, ó ń já lu ohùn rẹ̀, kọ́ọ̀dù sì ń yí lábẹ́ wọn kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni ojú àwo kékeré àkókò náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé e lọ. Olùgbọ́ kò tíì jókòó dáadáa, orin ti tán. Ẹni tí ó bá gbọ́ «Oníd̀òdò» tàbí «Yeshe Yeshe» lónìí yóò rí i pé kò sí ohun tí ó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà ká ni ó pọ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò kan orin rárá. Olórin Sierra Leone kan, Geraldo Pino, gbé orin soul bíi ti James Brown wọ Èkó, ariwo rẹ̀ sì bo ti gbogbo àwọn yòókù; Fẹlá jẹ́wọ́ pé ó ká òun lára. Ní Ìbàdàn, Orlando Julius Ẹ̀kẹ́mọdẹ ń so háíláìfù pọ̀ mọ́ soul, ó sì gbé àwo «Super Afro Soul» jáde ní 1966. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 mú kí ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tí wọ́n jẹ́ Ìgbò fi Èkó sílẹ̀, jùjú I. K. Dáìró àti àwọn tí ó tẹ̀lé e sì gba ààyè tí ó ṣófo. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwọn ènìyàn kọ̀ Koola Lobitos, ó yẹ kí ó sọ èyí tí wọ́n kọ̀ nínú wọn: ṣé jáàsì inú rẹ̀ ni, tàbí háíláìfù tí àsìkò rẹ̀ ń lọ sópin?

Ohun kan tún wà tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fún ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i. Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà jinlẹ̀ ju àwàdà lọ. Rédíò àti àwo orin ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí ó kọrin fún Yorùbá láìretí pé ẹnikẹ́ni yóò gbè é. Háruna Ìṣọ̀lá àti Yusuf Ọlátúnjí mọ bí wọn yóò ṣe fi oríkì àwọn gbajúmọ̀ sínú àwo, tí àwo náà fi di ìnáwó ní ìyàrá ẹni: ẹni tí a kì ń gbèsì, ó ń ra àwo, ó ń pe ọ̀rẹ́ wá gbọ́ ọ. Àwo Koola Lobitos kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó bá olùgbọ́ sọ̀rọ̀ bí rédíò ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì fi àlàfo sílẹ̀ fún èsì.

Láti ibi yìí ni a ti lè tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1971, nígbà tí «Jẹun Kó Kú» tà wàrà-wàrà. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé Fẹlá mú orin rẹ̀ rọrùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìlù Tony Allen kò rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn fèrè náà kò dín kù. Kọ́ọ̀dù ni ó dúró lójú kan, orin wá gùn, lílé àti ègbè sì gba ibi tí kọ́ọ̀dù fi sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ nípa wọ̀bìà tí ó jẹun títí ó fi fẹ́ kú jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbè lójú agbo. Ààyè tí olùgbọ́ yóò fi fèsì ni ó padà. Àdáfọn jáàsì náà sì padà wọlé láti ojú ọ̀nà yìí, ó ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ níbi tí kò ti rí ju ìṣẹ́jú kan lọ tẹ́lẹ̀, àwọn oníjó kò sì ṣàròyé.

Èrò kẹta ni ti àwọn olùgbọ́ òde òní. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún àwọn orin Koola Lobitos gbé jáde ní Japan ní 2005, àti lẹ́yìn náà ní Amẹ́ríkà ní 2016, àwọn lámèyítọ́ ń gbọ́ wọn bí ẹni ń wo àwòrán ọmọdé ẹni ńlá kan. Wọ́n ń wá Afrobeat nínú wọn. Ibi tí ìlù bá ti jọ ti 1971, wọn a yìn ín. Ibi tí kò bá jọ ọ́, wọn a ní kò tíì gbó. Kò sí olùgbọ́ kankan ní 1965 tí ó lè gbọ́ ọ báyẹn, nítorí pé Afrobeat kò tíì ní orúkọ.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1965 ti pé ọgọ́rin ọdún báyìí. Irú wọn ṣì wà ní Igbó-Ọrà, ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn: àwọn tí wọ́n ní rédíò nígbà náà, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ra giramafóònù, àwọn tí wọ́n lọ jó ní Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sì padà sílé. Kò sí nínú àwọn ìwé tí a dárúkọ sókè yìí èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ìpìlẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tọ̀ wọ́n lọ, tí ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn Koola Lobitos, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ìtàn tí àwọn náà ti gbọ́ láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn, pé Fẹlá gbajúmọ̀ lẹ́yìn tí ó ti Amẹ́ríkà dé. Yóò sàn kí ó kúnlẹ̀ kí wọn, kí ó fi orin náà sí i láìdárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó jókòó, kí ó sì máa wo ẹsẹ̀ bàbá tàbí ìyá náà títí orin yóò fi tán, kí ó tó béèrè ohunkóhun.