Owó ìtọ́jú ọmọ láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́: bí ètò ìlú Ọba ṣe rí, àti ohun tó kan òṣìṣẹ́ Òkè-Fìà

Ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Nígbà tí agboolé ṣì kún fọ́fọ́ ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, igba ojú náà kò wọ́n: ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyàwó ilé wà níbẹ̀, ọmọ tó ti gbọ́njú sì ń pọn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Òkè-Fìà, tó gbọ́dọ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, owó ló fi ń ra igba ojú. Jẹ́léósinmi ló ń gbé ọmọ sí kó tó máa lọ, inú owó oṣù tí wọ́n ti yọ owó orí rẹ̀ ló sì ti ń san án.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè yìí ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Ọba, ní àwọn àdúgbò bíi Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tí Yorùbá pọ̀ sí. Wọ́n a máa gbọ́ pé ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ wọn ló ń bá wọn san owó ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò rí bí àwọn ará ilé ṣe ń rò ó. Ó sì yẹ kí á mọ bó ṣe rí gan-an, nítorí ẹni tó bá ṣì í mú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àǹfààní tí kò ní í padà rí gbà mọ́ nù.

Fáúṣà ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n ń pe ètò náà. Oṣù kẹrin ọdún 2005 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin yọ owó orí kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2006, iye tí òfin fọwọ́ sí di £55 lọ́sẹ̀, èyí tó jẹ́ £243 lóṣù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: òṣìṣẹ́ yóò bá agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n dín £243 kù nínú owó oṣù òun. Agbanisíṣẹ́ yóò wá fún un ní fáúṣà tó tó iye kan náà, òun ni yóò sì fi san owó jẹ́léósinmi. Nítorí náà, fáúṣà kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba kò ní í gba owó orí lórí owó náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní í yọ owó National Insurance níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele owó orí àkọ́kọ́ ń san 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí. Ní ọdún tí National Insurance jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún, fáúṣà £243 ń bá a dá nǹkan bíi £77 sí lóṣù, ìyẹn £933 lọ́dún. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí National Insurance ti wálẹ̀ sí 8, èrè náà ti dín kù sí nǹkan bíi £816 lọ́dún. Agbanisíṣẹ́ náà ń jèrè, nítorí òun pẹ̀lú kì í san National Insurance tirẹ̀ lórí owó ọ̀hún.

Òbí ni wọ́n ń ka fáúṣà mọ́ lọ́rùn, kì í ṣe ọmọ. Bí baba àti ìyá bá jọ ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí ètò náà wà, oníkálukú wọn lè gba tirẹ̀. Àwọn tí owó wọn pọ̀, tí wọ́n sì wọ inú ètò náà láti oṣù kẹrin ọdún 2011, iye tiwọn kò tó ti àwọn tó kù. Ibi ìtọ́jú ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ló ṣeé san án fún. Ìyá àgbà tó ti Òṣogbo lọ bá wọn wo ọmọ nínú ilé kò lè gba kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjọba ti ìlẹ̀kùn ètò yìí mọ́ àwọn tuntun. Àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ lè máa bá a lọ, bí agbanisíṣẹ́ wọn bá ṣì ń ṣe é. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ síbòmíràn ti jáde nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìgba fáúṣà kankan ti jáde. Ẹni tó bá sì bọ́ sínú ètò tuntun kò lè padà sínú ti àtijọ́.

Tax-Free Childcare ni orúkọ ètò tuntun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. Kò kan agbanisíṣẹ́ rárá. Òbí ni yóò ṣí àpò owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti fi £8 síbẹ̀, ìjọba yóò fi £2 kún un, títí dé £2,000 lọ́dún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí fáúṣà kò kàn, lè wọ èyí. Ṣùgbọ́n bí òbí bá jẹ́ méjì, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, àfi nínú àwọn ipò díẹ̀ bíi àìlera. Bí ìwé ìgbélùú baba àti ti ìyá bá sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba, kò sí àǹfààní náà fún wọn.

Èwo ló wá sàn jù? Ọmọ kékeré tí owó jẹ́léósinmi rẹ̀ pọ̀, ètò tuntun ló sàbà máa ń pé òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tuntun máa ń dúró lẹ́yìn tí ọmọ bá pé ọdún mọ́kànlá, nígbà tí fáúṣà ń bá ọmọ dé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdílé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ kánjú ju fáúṣà nù.

Ǹjẹ́ irú ètò yìí lè ran òṣìṣẹ́ Òkè-Fìà lọ́wọ́? Ẹ rántí pé owó orí tí ìjọba kò gbà ni gbogbo èrè rẹ̀. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ kì í sì í san rárá. Fáúṣà kò lè dá kọ́bọ̀ sí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bọ́ sí ìpele tó tẹ̀ lé e ń san 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ń san ₦20,000 fún jẹ́léósinmi lóṣù, ₦3,000 péré ni yóò rí dá sí. Ìyá tó ń tajà lọ́jà, tí kò ní agbanisíṣẹ́, kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò náà.

Òfin iṣẹ́ wa, tó ti wà láti ọdún 1974, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ìsinmi. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́, owó tí yóò gbà nígbà náà kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Lẹ́yìn tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, òfin ní kí wọ́n fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn.

Ọ̀pọ̀ abiyamọ kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n náà kì í sábà rí i lò, nítorí ìdajì wákàtí kò tó gbé èèyàn dé ilé kó sì tún padà. Bí ọmọ bá wà ní ilé kejì sí ibi iṣẹ́, ìdajì wákàtí tó. Nítorí náà, kì í ṣe fáúṣà ló yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, bí kò ṣe jẹ́léósinmi tó wà nítòsí. Bí ilé iṣẹ́ kan kò bá lè dá a ṣe, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ní òpópónà kan náà lè jùmọ̀ gba yàrá kan, kí wọ́n sì jọ san owó àwọn tí yóò máa wo àwọn ọmọ níbẹ̀. Igba ojú tí agboolé ń pèsè tẹ́lẹ̀ yóò tún padà wà nìyẹn, lẹ́bàá ibi tí ìyá ti ń ṣiṣẹ́.