Àyíká, ìbú àti ìdajì ìbú òbìrìkìtì

Ìtumọ̀. Àyíká ni gígùn etí òbìrìkìtì yípo. Ìbú ni ìlà tó ti etí kan dé ìkejì, tó sì gba àárín gbùngbùn kọjá. Ìdajì ìbú ni ìlà tó ti àárín gbùngbùn dé etí.

Ìlò. Ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá, àwọn ènìyàn a máa fi dúrọ́ọ̀mù tọ́jú omi. Wẹ́dà tó fẹ́ gé ìdérí fún un kò lè fi ọwọ́ kan àárín ẹnu rẹ̀, nítorí òfìfo ni. Téèpù ni yóò fi yí i ká. Bí àyíká bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, yóò fi 3.14 pín in: ìbú jẹ́ nǹkan bí 57.3, ìdajì ìbú sì jẹ́ nǹkan bí 28.7. Èyí ni gígùn okùn tí yóò so mọ́ ìṣó láti fi ẹfun fa òbìrìkìtì sára páànù.

Ìkìlọ̀ fún atúmọ̀ èdè. Ẹ má ṣe kọ "ìbú" níbi tí "ìdajì ìbú" ti yẹ. Bí okùn bá gùn tó ìbú, ìdérí yóò fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì, nítorí pé ìdajì ìbú ni a ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí a tó fi 3.14 sọ èsì di púpọ̀. Páànù ti ṣòfò nìyẹn.

Ìyàtọ̀. "Àyíká Àpápá" ni agbègbè tó yí Àpápá ká. Nínú ìṣirò, ẹ kọ "àyíká òbìrìkìtì" kí ìtumọ̀ má bàa pọ̀n sí ibòmíràn.