ÒDÒDÓ GẸ́GẸ́ BÍ ÀROKÒ: ÀLÀYÉ FÚN OLÙKỌ́ ÈDÈ

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ tí a ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ohun kan wà tí ó máa ń dá wọn dúró. Nínú ìtàn tí wọ́n ń túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan fi òdòdó ránṣẹ́ sí obìnrin kan. Tàbí kí ó jẹ́ pé ìyá kan ṣòfò ọmọ, tí àwọn ará àdúgbò sì gbé òdòdó wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ pé 'ó fi òdòdó ránṣẹ́ sí i'. Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè pé kí ni òdòdó náà wí, yóò dákẹ́. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín: kí ni ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò fi òdòdó ṣe? Ṣé yóò sè é jẹ ni?

Ìbéèrè gidi ni ìbéèrè yìí, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ìbínú pa á lẹ́nu mọ́. Èrò tiwa ni pé àrokò ni òdòdó tí a fi ránṣẹ́, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti kọ́ àrokò ní kíláàsì ti ní irinṣẹ́ tí yóò fi tú u ní ọwọ́. Ohun tí ó kù ni kí a fi ibi tí àrokò tiwa àti ti òdòdó ti yàtọ̀ síra hàn án, nítorí pé ibi ìyàtọ̀ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ èdè wà.

Ohùn inú àrokò

Gollmer, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S. tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní London ní 1885 lórí àrokò. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ nípa rẹ̀, àwa náà sì ń kọ́ ọmọ wa. Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ni ti ẹyọ owó. Bí ọkùnrin bá so ẹyọ owó mẹ́fà mọ́ okùn tí ó sì fi ránṣẹ́ sí obìnrin, ẹ̀fà ni ó fi ránṣẹ́: ọkàn òun fà sí i. Bí obìnrin náà bá fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ nìyẹn: èrò àwọn méjèèjì jọ. Bí ó bá sì jẹ́ òòyà ni ó fi ránṣẹ́, kí ọkùnrin náà yáa gba kámú, nítorí yíyà ni òòyà ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó gbé ìtumọ̀ dúró níhìn-ín. Kì í ṣe ẹwà ẹyọ owó. Kì í ṣe iye tí ó tó ná. Ìró orúkọ iye náà ni. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè yẹ ẹyọ mẹ́fà yẹn wò láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní rí ìfẹ́ kankan nínú rẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àrokò ni ó rí báyìí. Màrìwò tí a ta sí ẹnu ọ̀nà kò nílò ìró kankan kí a tó mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ọ̀gbẹ̀rì ń já wọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó lárinrin jùlọ nínú àrokò, inú èdè ni ó ń gbé.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí ni pé ọ̀nà kan náà ni òdòdó tí àwọn òyìnbó ń fi ránṣẹ́ gbà bẹ̀rẹ̀ sí í 'sọ̀rọ̀', ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ní 1718, Lady Mary Wortley Montagu, ìyàwó aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Tọ́kì, kọ lẹ́tà kan láti Istanbul sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ṣàlàyé pé àwọn ará ibẹ̀ lè kọ lẹ́tà ìfẹ́ láìfi kálàmù kan ìwé. Àpò kékeré kan ni wọn yóò fi ránṣẹ́, tí òdòdó, èso, péálì àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ewì kúkurú tirẹ̀. Ní 1809, Joseph von Hammer, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó gbọ́ èdè Tọ́kì dáadáa, ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́: ewì náà máa ń bá orúkọ nǹkan náà dún pọ̀ ni. Èso kan wà tí wọ́n ń pè ní armut (èso ilẹ̀ olótùútù ni, kì í ṣe píà tí àwa fi ń jẹ búrẹ́dì). Umut ni wọ́n ń pe ìrètí. Ẹni tí ó bá rí armut nínú àpò yóò gbọ́ umut, yóò sì mọ̀ pé wọ́n ń tọrọ ìrètí lọ́wọ́ òun. Kí ni ìyàtọ̀ èyí sí ẹ̀fà àti fífà?

Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣà náà dé ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìró ti bọ́ sọ́nà. Kò sí bí armut yóò ṣe bá ìrètí dún pọ̀ ní èdè Faransé. Àwọn ènìyàn wá rò pé inú òdòdó fúnra rẹ̀ ni ìtumọ̀ wà. Ní 1819, ẹnì kan tí ó fi orúkọ Charlotte de Latour bo ara rẹ̀ lójú gbé ìwé kan jáde ní Paris tí ó to òdòdó àti ìtumọ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ ní London àti ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan: ohun tí ìwé kan pè ní ìfẹ́, òmíràn lè pè é ní owú. Ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ìgbà náà ni ó fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́, tí wọ́n sì fi ìwé mìíràn kà á.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù

Ohun tí ó ṣẹ́ kù lónìí kì í ṣe ìró mọ́, àṣà ìlú kọ̀ọ̀kan ni. Òdòdó róòsì pupa dúró fún ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, òdòdó chrysanthème ni wọ́n ń gbé lọ sí ibojì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdọọdún. Ẹni tí ó bá gbé e lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ nílé yóò rí ojú. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, iye òdòdó ṣe pàtàkì púpọ̀. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni ti alààyè: mẹ́ta, márùn-ún, méje. Èyí tí ó ṣeé pín, ti òkú ni. Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá tí ó mọ àrokò dunjú, tí ó wà ní Moscow, tí ó ka òdòdó mẹ́fà nítorí ẹ̀fà, kí ọkàn ọmọge lè fà sí i. Ibojì ni ó fi ránṣẹ́ sí i. Àpẹẹrẹ yìí kan ṣoṣo tó láti fi ìdí ẹ̀kọ́ náà múlẹ̀ fún kíláàsì: nǹkan ń rìnrìn àjò, ìtumọ̀ kì í bá a lọ.

Àwọn Yorùbá kò ṣaláì mọ òdòdó. A ní ọ̀rọ̀ òdòdó, a ní ìtànná, a mọ òrúrù nígbà tí ó bá pọ́n ròrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ohun tí ó hù láti inú ilẹ̀ bu ọlá fún ènìyàn, ewé ni a máa ń mú. Ewé akòko ni a fi ń jẹ ènìyàn lóyè; kò sí ẹni tí ó ń bèèrè pé kí ni olóyè yóò fi ewé ṣe. Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún ni àwọn ènìyàn ń kó òdòdó àti lọ́fínńdà sínú ọkọ̀ ojú omi lọ fún Yemọja nínú òkun. Ní Kúbà, òdòdó oòrùn aláwọ̀ ìyeyè ni ọ̀pọ̀ ń gbé fún Ọ̀ṣun. Òdòdó ti di ẹbọ àti ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà lọ́hùn-ún, èdè tí wọ́n fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Nílé níhìn-ín, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí òdòdó ìkẹ́dùn ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ààrẹ àti àwọn gómìnà a máa gbé òdòdó rìbìtì sí ìdí ère àwọn tí ó kú.

Ìránṣẹ́ àti ọ̀nà

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí kò yẹ kí a fò. Àrokò tiwa, ìránṣẹ́ ni ó ń gbé e láti ọwọ́ olówó dé ọwọ́ olówó. Òdòdó kò lè fara da irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ń ta òdòdó fi dá ọgbọ́n kan. Ní 1908, Max Hübner dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Berlin. Ní 1910 àwọn ará Amẹ́ríkà dá tiwọn, ní 1923 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹni tí ó wà ní ìlú kan bá fẹ́ fi òdòdó ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọn yóò fi wáyà ránṣẹ́. Olódòdó tí ó wà ní ìlú ẹni tí a ń kí ni yóò di òdòdó tirẹ̀, tí yóò sì gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ni ó rìn, àrokò kò kúrò lójú kan.

Òdòdó fúnra rẹ̀ ti rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olódòdó. Púpọ̀ nínú róòsì tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, ẹ̀bá adágún Naivasha ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni wọ́n ti gé e, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e nínú òtútù. Ọjà ńlá wọn wà ní Aalsmeer ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Gbàǹjo ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa: owó a máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀ lójú aago, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dá a dúró ni ó rà á.

Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, òdòdó náà yóò rọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tí ó bá rí i gbà kí ó fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí ọ̀pá rẹ̀ ní dídagun, nítorí atẹ́gùn tí ó wọ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó mu omi; kí ó máa pààrọ̀ omi, kí ó má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń pọ́n, torí afẹ́fẹ́ ara èso tí ó ń pọ́n a máa mú òdòdó tètè rọ. Síbẹ̀, rírọ ni yóò rọ. A gbà pé agbára rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò ṣeé jẹ, kò ṣeé tà, kò ṣeé fi pamọ́. Ẹni tí ó gbà á kò jẹ ẹni tí ó fún un ní gbèsè kankan. Ní ilẹ̀ tí àṣà kò ti fi àyè sílẹ̀ kí ogún ènìyàn jókòó ti ọlọ́fọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, òdòdó ni ó ń bá wọn jókòó. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni a fi ń kẹ́dùn, oúnjẹ àti owó a tẹ̀ lé e. Nítorí náà a kò rí ìdí tí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn yóò fi fi òdòdó rọ́pò ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ọlọ́fọ̀ kan ní Ìbàdàn. Ti ẹni tí òkun wà láàárín òun àti ọlọ́fọ̀ yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i lára

Níwọ̀n ìgbà tí òdòdó kò ti ní ìró ní etí Yorùbá, káàdì tí ó bá a wá ni ó gbé gbogbo ìtumọ̀ rù. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ ti ṣiṣẹ́. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwọn ọmọ wa ń kọ sí ti àgbàlagbà tí ó kú ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún àti ti ọmọ tí ó kú mọ́ ìyá rẹ̀ lójú. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí òbí rẹ̀ àgbà lọ, 'Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára'; bí ìsìnkú bá ń lọ lọ́wọ́, a lè fi 'Ẹ kú ìnáwó' kún un. Fún ẹni tí ọ̀dọ́ kú fún, 'Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run yóò dáwọ́ ibi dúró'. Ẹni tí ó bá kọ 'Ẹ kú ìnáwó' sí èyí kejì ti dá egbò sí i. Fún abiyamọ tuntun, 'Ẹ kú ewu ọmọ'. Kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irú ipò mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n kọ káàdì ìlà méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò nínú ìtumọ̀, ìdì òdòdó ni a fara mọ́ fún èyí tí a dì pọ̀ fún ẹ̀bùn. Fún rìbìtì tí a ń gbé sórí ibojì, àwọn kan ń sọ pé adé òdòdó. Òṣùká òdòdó ni ó wù wá jù, nítorí pé bí ó ti rí gan-an nìyẹn, òkú kò sì jọba. Àwọn kan lè sọ pé ẹrù ni òṣùká wà fún. A kò ní bá wọn jà.

Ohun kan tí ó kù ni àmì ohùn. Ẹni tí ó kọ 'E ku ofo' sórí káàdì láìfi àmì sí i kò mọ èyí tí òǹkàwé yóò kà: ọ̀fọ̀ ni, tàbí òfò, tàbí òfo. Ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ àwọn olódòdó kì í tẹ àmì wọ̀nyí. Kí ẹni tí ó ń ránṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé fúnra rẹ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí wọn, kí ó sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ dà á kọ bí ó ti rí.