Ìfiránṣẹ́ Fáìlì Láti Orí Kọ̀ǹpútà Kan sí Èkejì: Àlàyé Lórí Àṣẹ scp

Ìbéèrè ìdánwò tí a máa ń dì sínú àpòòwé, tí a sì máa ń fi èdìdì dì lẹ́nu, ti di fáìlì tí ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí orí èkejì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí a ṣe lè fi scp, àṣẹ kan tí a ń tẹ̀ ní ọ̀rọ̀, fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ tí ẹni tí kò kàn kò fi ní rí i kà lójú ọ̀nà.

Àṣẹ kan wà ṣáájú rẹ̀ tí ń jẹ́ rcp. Àléébù rcp ni pé bí a ti kọ fáìlì gan-an ni ó ṣe ń rìn. Ẹni tí ó bá lúgọ sójú ọ̀nà yóò kà á. Ní 1995, lẹ́yìn tí wọ́n jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn lórí ìsokọ́ra ẹ̀rọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní Fínlándì, Tatu Ylönen, tí ó jẹ́ olùṣèwádìí níbẹ̀, ṣe ìlànà SSH. Orí rẹ̀ ni scp dúró lé.

Ẹnà ni SSH ń fọ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ pè é ní àrokò, n kò ní fara mọ́ ọn: àrokò ń fi ohun ojú-rí dípò ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹnà ń dà rú. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnà àwọn ọmọdé ní òfin kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì máa ń fohùn ṣọ̀kan lórí àṣírí tuntun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) scp ibeere.pdf oluko@ikeji:idanwo/
(2) scp ibeere.pdf oluko@ikeji

Nínú (1), ibeere.pdf ni a fẹ́ fi ránṣẹ́. Oluko ni orúkọ tí ẹ̀rọ tí yóò gbà á fi mọ̀ wá. Ikeji ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Idanwo sì ni fódà tí fáìlì yóò bọ́ sí. Kólọ́ọ̀nù àti orúkọ fódà ni a yọ kúrò nínú (2), ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti yí padà pátápátá. Ẹ̀rọ kò ní ṣàròyé. Yóò kàn da fáìlì náà kọ sórí ẹ̀rọ tiwa, yóò sì sọ ẹ̀dà náà ní oluko@ikeji. A ó rò pé ìbéèrè ti dé ibi tí ó ń lọ, kò tilẹ̀ kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni -P àti -p kò jẹ́ ọ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí o àti ọ kò ṣe jẹ́ ọ̀kan: ti àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ, ti èkejì ń pa ọjọ́ orí fáìlì mọ́. Bí ó bá jẹ́ fódà lódindi ni, -r ni a ó fi kún un.

Ibi tí ewu gan-an wà nìyí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, scp yóò fi ìtẹ̀ka ẹ̀rọ kejì hàn wá, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHA256, yóò sì bèèrè bóyá kí òun máa bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ yes láìkà á. Bí olè bá dúró sí àárín, a ó máa bá olè fọ ẹnà tí ó dán mọ́rán, a ó sì fi ọwọ́ ara wa fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Kí a pe alábòójútó ẹ̀rọ náà lórí tẹlifóònù, kí ó ka ìtẹ̀ka náà fún wa. Bí ẹ̀rọ bá sì kìlọ̀ lọ́jọ́ mìíràn pé ìtẹ̀ka ti yí padà, kí a dúró ná, kí a bèèrè ìdí.

Nígbà tí fáìlì bá gúnlẹ̀, ó ti bọ́ kúrò nínú ẹnà; alábòójútó ẹ̀rọ kejì lè ṣí i. Nítorí náà, ìbéèrè tí a kò tíì ṣe ìdánwò rẹ̀ yẹ kí ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ aṣínà náà sì gba ọ̀nà mìíràn lọ.