Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìmúrasílẹ̀ ìlera fún àwọn tó ń lọ ṣèwádìí ẹranko lórí òkè Gashaka

Ní àsìkò òjò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga bá wà ní ìsinmi, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí kan máa ń di ẹrù wọn, tí wọ́n á sì wọ inú igbó lọ láti wo ìṣesí àwọn ẹranko. Fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ já sí Igbó Ọba Gashaka-Gumti, ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, létí ààlà Cameroon, ọ̀rọ̀ ìlera ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ ibi nínú igbó náà ni kò ní títì, kò ní ilé ìwòsàn, tẹlifóònù alágbèéká kì í sì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àìsàn tí dókítà ìgboro lè wò láàárín wákàtí méjì lè di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè níbẹ̀.

Ní ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ Gashaka-Gumti di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ ju 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, kò sì sí ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè tó tóbi tó o ní Nàìjíríà. Láti ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó fi nǹkan bí 450 mítà ga ju òkun lọ, ó gùn dé orí Gangirwal, òkè tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Ibẹ̀ náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìnàkí tí àwọn òyìnbó ń pè ní chimpanzee ní Nàìjíríà ń gbé. Ẹ̀yà ìnàkí yìí kò sí níbòmíràn àyàfi Nàìjíríà àti Cameroon, àwọn onímọ̀ sì gbà pé gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó 9,000.

Òtútù ni kí a bẹ̀rù, kì í ṣe gíga òkè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rù pé mímí yóò ṣòro lórí òkè. Ṣùgbọ́n àìsàn tí gíga òkè máa ń fà kì í sábà ṣe ènìyàn títí tí yóò fi kọjá nǹkan bí 2,500 mítà. Òtútù ni ewu tó súnmọ́ni jù. Bí ènìyàn bá ṣe ń gun 1,000 mítà, ooru máa ń dínkù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 Celsius. Ẹni tí òjò pa, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dàrú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa kọ́ lu ara wọn. Àmì pé òtútù ti wọnú ara nìyẹn. Kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí wọ́n sì fún un ní ohun gbígbóná mu bí ó bá ṣì lè gbé e mì dáadáa. Ọtí kò dára fún un rárá.

Nítorí náà, aṣọ òjò, aṣọ òtútù àti ìpààrọ̀ aṣọ kan tí a dì sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ ṣe pàtàkì. Ó sì yẹ kí ará ti mọ iṣẹ́ náà ṣáájú. Ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì múra tán. Ó kéré tán, oṣù méjì ṣáájú ìrìn àjò ni kí ènìyàn ti máa fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó máa gun òkè, kí ó sì máa fi ẹrù kún àpò ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàtà tuntun kì í ṣe ohun tí a ń wọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú igbó.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe ti ọjọ́ ìrìn àjò

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú máa ń gba ọjọ́ mẹ́wàá kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ọdún 2016, ẹyọ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni gẹ́gẹ́ bí òfin ìlera àgbáyé. Ti àrùn mẹ́dọ̀wú ẹ̀ka B sábà máa ń gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Tẹ́tánọ́ọ̀sì, táífọ́ọ̀dù àti yírùnyírùn náà wà lára ohun tó yẹ kí a bá dókítà sọ.

Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni ti àrùn dìgbòlugi. Fún ẹni tí yóò máa wà nítòsí ẹranko, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn abẹ́rẹ́ méjì, kí ọjọ́ méje wà láàárín wọn. Bí ẹranko bá bu ẹni náà jẹ lẹ́yìn ìgbà náà, yóò ṣì fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì tún gba abẹ́rẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò ní nílò oògùn olówó gọbọi tí a máa ń gún sí ojú ọgbẹ́, èyí tó ṣòro láti rí ní ìlú kéékèèké.

Ẹ̀fọn, eṣinṣin àti eku

Ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà lè ní agbára díẹ̀ lára láti bá ibà jà, ṣùgbọ́n agbára náà kì í dí ibà lọ́nà pátápátá. Ẹni tó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó lè ti pàdánù rẹ̀. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo oògùn ìdènà tí dókítà bá yàn fún un. Gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kó sùn sábẹ́ àwọ̀n tí a fi oògùn sí, kí ẹgbẹ́ wọn sì ní ohun èlò àyẹ̀wò ibà àti oògùn ACT lọ́wọ́.

Eṣinṣin dúdú tí ń pamọ sí etí odò tó ń sáré ni ó ń tan àrùn ìfọ́jú etídò kálẹ̀. Eṣinṣin tsetse, tí ń tan àrùn oorun, fẹ́ràn aṣọ aláwọ̀ dúdú àti búlúù, nítorí náà aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tó bo apá àti ẹsẹ̀ ló dára. Ìpínlẹ̀ Taraba sì ti wà lára àwọn tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Eku ni ó ń gbé e kiri. Inú agolo tó ní ìdérí líle ni kí oúnjẹ wà ní ibùdó, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Omi tó mọ́ gaara kọ́ ni omi tó dára

Odò orí òkè lè mọ́ bí dígí, kí kòkòrò àrùn sì wà nínú rẹ̀. Kí a sè é títí tí yóò fi hó fún ìṣẹ́jú kan. Bí ibùdó bá ga ju 2,000 mítà lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, nítorí pé omi máa ń hó lórí òkè kí ó tó gbóná tó ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kò yẹ kí a wẹ̀ nínú omi tó dúró sójú kan tàbí èyí tí kò yára ṣàn, kí àtọ̀sí ajá má baà wọlé gba awọ ara.

Bí ejò bá bunijẹ

Ní ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn tí aráyé ti pa tì. Oró ejò kan tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ ọ̀dàn Nàìjíríà, èyí tí ń jẹ́ Echis, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ẹni tí ejò bù jókòó jẹ́ẹ́, kí a fi igi di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kí ó má mira, kí a bọ́ òrùka àti bàtà, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn apa-oró. Kò yẹ kí a fi abẹ sín in, kí a fi ẹnu fà á, tàbí kí a fi okùn dì í pinpin. Kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn náà, ọkọ̀ tí yóò gbéni lọ, àti ẹni tí yóò wakọ̀. Bóyá ojú ọ̀nà ṣeé gbà tàbí kò ṣeé gbà, ọ́fíìsì ọgbà náà ní Serti ni kí a ti wádìí rẹ̀.

Ènìyàn náà lè pa ìnàkí

Ìnàkí súnmọ́ ènìyàn débi pé òtútù wa lè pa á. Ní ọdún 2013, kòkòrò àrùn tó máa ń fa òtútù fún ọmọdé wọ inú agbo àwọn chimpanzee 56 kan ní igbó Kibale ní Uganda, ó sì pa márùn-ún nínú wọn. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire pẹ̀lú. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ní kí olùwádìí gba àjẹsára rẹ̀ pé, kí ó yàgò fún ẹranko náà fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó bá dé láti ìrìn àjò, kí ó lo ìbòmú, kí ó má sì súnmọ́ ìnàkí ju mítà mẹ́wàá lọ. Bí ikọ́ tàbí ibà bá ń ṣe é, kí ó dúró sí ibùdó, ì báà jẹ́ ọjọ́ tó ti ń retí láti oṣù mẹ́fà.

Àwọn tí ń ru ẹrù ńkọ́?

Àwọn aṣọ́gbó, amọ̀nà àti alárù ni ń rìn níwájú, tí wọ́n sì ń pẹ́ jù nínú igbó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní bàtà, àwọ̀n ẹ̀fọn àti aṣọ òjò, tí amọ̀nà rẹ̀ kò sì ní, ẹgbẹ́ náà kò tíì múra. Inú owó ìrìn àjò ni ó yẹ kí àjẹsára àti ìtọ́jú wọn ti jáde.

Bí a bá sì ti dé ilé, ọ̀ràn kò tíì parí. Ibà Lassa lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 21, akọ ibà sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná lẹ́yìn tó padà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún dókítà ni pé: "Mo ti dé Gashaka."